Bí A Ṣe Ń Tú Àpótí Sítíárìn Ọkọ̀ Ìjàpá, Tí A Sì Ń Tún Un Tò

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ Volkswagen Beetle, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, kò ní ṣàì mọ àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Ọkọ̀ náà á máa rìn bí ọ̀mùtí lójú títì. Awakọ̀ á yí sítíárìn díẹ̀ sí ọ̀tún, ọkọ̀ kò ní dáhùn. Á tún yí i díẹ̀ sí i, ọkọ̀ á wá já sí ọ̀tún lójijì bí ẹni pé ẹnì kan ló tì í. Ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń fún un kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: wọn á ki sukurudíráfà bọ orí àpótí sítíárìn, wọn á fún síkúrúù tó wà níbẹ̀ pa, wọn á sì ní iṣẹ́ ti parí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí tèmi nígbà kan. Nígbà tí mo yà ní ìkóríta àkọ́kọ́, sítíárìn kò padà sí àyè rẹ̀, ibi tí mo yí i dé náà ló dúró sí, àfi ìgbà tí mo fi agbára dá a padà kí n tó forí sọ gọ́tà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé n óò mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn fúnra mi.

Àpótí onírọ́là ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, èyí tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í lò nínú Ìjàpá láti ìdajì kejì ọdún 1961. Àpótí tó wà nínú àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú ìgbà náà yàtọ̀, ìtọ́sọ́nà yìí kò sì wà fún irú Ìjàpá tí wọ́n ń pè ní 1302 àti 1303 pẹ̀lú, nítorí pé wọ́n tún iwájú àwọn wọ̀nyẹn ṣe lọ́nà mìíràn. Ẹ tún yẹ ọwọ́ tí sítíárìn wà wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Apá òsì títì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà Ìjàpá tí ẹnì kan jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lè jẹ́ ọlọ́wọ́ ọ̀tún, nígbà tí èyí tó jáde láti ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní 1975, jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Àpótí méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ má sì jẹ́ kí oníṣòwò kankan tan yín pé ọ̀kan lè rọ́pò èkejì.

Ó yẹ kí a mọ bí àpótí yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ kí a tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ètò ìgbésẹ̀. Ohun méjì ló ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Èkíní ni wọ́ọ̀mù: ọ̀pá irin kúkúrú tí a gbẹ́ ojú ọ̀nà yí ká bí ti síkúrúù, tí ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín ju orí àti ìdí rẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí ìlù gángan. Ó jókòó láàárín bíárìn méjì, ọ̀pá tó ti ọ̀dọ̀ sítíárìn wá ló sì ń yí i. Èkejì ni rọ́là, àgbá kékeré kan tí eyín rẹ̀ wọnú ojú ọ̀nà wọ́ọ̀mù. Bí wọ́ọ̀mù ti ń yí, ó ń ti rọ́là lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, rọ́là náà sì ń yí ọ̀pá tí a fi í sí lórí, títí tí apá irin tó wà ní òde, nísàlẹ̀ àpótí, yóò fi fa táírọ́ọ̀dù méjèèjì, ìyẹn àwọn ọ̀pá tó so àpótí mọ́ tááyà iwájú, lọ sí ọ̀tún tàbí sí òsì.

Síkúrúù òkè àpótí, èyí tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ fún, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju pé kí ó ti ọ̀pá rọ́là sún mọ́ wọ́ọ̀mù. Àárín wọ́ọ̀mù ló sì máa ń jẹ, nítorí pé ojú ọ̀nà tó tọ́ ni a ń rìn jù, ìyẹn ni pé ibi kan náà ni rọ́là ń jókòó sí lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Bí ẹ bá wá fún síkúrúù náà títí ìfàsẹ́yìn, ìyẹn yíyí tí sítíárìn ń yí lásán kí tááyà tó dáhùn, fi tán ní àárín tó ti jẹ yìí, rọ́là yóò há nígbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ tí kò tíì jẹ. Ohun tí a bá fagbára mú, koko ní ń le. Ní ti sítíárìn, lílekoko yẹn lè sọ ènìyàn sínú kòtò.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ rí i dájú pé àpótí ló jẹ̀bi. Ẹ fún tááyà ní afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí tááyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹnì kan jókòó síbi sítíárìn kí ó máa mì í díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ̀yin sì dùbúlẹ̀ síwájú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ibi tí ìmìtìtì náà ti ń sọnù. Bí apá irin bá ń mì ṣùgbọ́n tí táírọ́ọ̀dù kò dáhùn, orí táírọ́ọ̀dù ló ti jẹ. Bí táírọ́ọ̀dù bá ń mì ṣùgbọ́n tí tááyà dúró, ẹ lọ yẹ ibi tí ẹsẹ̀ tááyà ti so mọ́ áàsù wò, àti bíárìn tááyà. Bí odindi àpótí bá ń yí lórí páìpù áàsù iwájú, bóòtù ìdè rẹ̀ ló tú, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì nìyẹn. Ẹ má gbàgbé róbà pẹlẹbẹ tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ wọ́ọ̀mù. Ó máa ń gbó, ó sì máa ń ya láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìgbà tí wọ́ọ̀mù bá ń yí tí apá irin kò kúrò lójú kan ni ẹ tó lè dá àpótí lẹ́bi. Mo ti rí ẹni tó ra àpótí tuntun nígbà tó jẹ́ pé orí táírọ́ọ̀dù kan péré ló ń dà á láàmú.

Bí ó bá jẹ́ pé àpótí ló jẹ̀bi lóòótọ́, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti tún un fún lójú ibi tó wà, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò àtitú u. Ẹ yọ tááyà àpàmọ́ kúrò níwájú ọkọ̀, ẹ ó rí ìdérí kékeré kan nínú ihò tí tááyà náà ń jókòó sí, níwájú àpótí gan-an. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kí ẹ sì fi ìdúró onírin tì í nísàlẹ̀. Ẹ má ṣe lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì, torí pé ó máa ń fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́ọ̀mù la óò kọ́kọ́ tọ́jú, kì í ṣe rọ́là. Ẹ fọwọ́ di ibi róbà ìsopọ̀ mú, kí ẹ tì í wọlé kí ẹ sì fà á jáde. Bí ọ̀pá wọ́ọ̀mù bá ń rìn wọlé rìn jáde, ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá tó wà ní ìdí àpótí, kí ẹ máa fún ohun tó dì mọ́ bíárìn wọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa yí wọ́ọ̀mù sọ́tùn-ún sósì bí ẹ ti ń fún un, títí ìrìn náà yóò fi tán. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fún nọ́ọ̀tì padà, ẹ yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kò gbọdọ̀ sí ibi tó há.

Ìgbà yìí ló kan rọ́là. Láti ibi tí tááyà ti kọjú síwájú, ẹ yí sítíárìn ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, ìyẹn díígírì 90, sí apá kan. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí síkúrúù, ẹ tú síkúrúù náà ní ìyípo kan, kí ẹ wá máa fún un padà pẹ̀lú ìka méjì péré títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé rọ́là ti fara kan wọ́ọ̀mù. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ di síkúrúù mú kí ó má yí, kí ẹ sì fi sípánà oníwọ̀n fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dé ìwọ̀n Newton mítà 25. Ẹ wá yẹ ìfàsẹ́yìn wò ní díígírì 90 lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Etí sítíárìn kò gbọdọ̀ rìn ju mìlímítà 25 lọ kí tááyà tó dáhùn. Bí apá kan bá tú ju èkejì lọ, apá tó tú jù yẹn ni kí ẹ ti tún un ṣe, kí ẹ sì tún yẹ méjèèjì wò. Bí ó bá dára ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣùgbọ́n tí àárín ṣì ń fì, a jẹ́ pé irin ti jẹ, síkúrúù kò sì lè dá irin tó ti jẹ padà. Ó di dandan kí àpótí jáde nìyẹn.

Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ tú okùn bátìrì. Táńkì epo Ìjàpá wà níwájú, lórí ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ yìí gan-an, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tan sìgá, kí wọ́n má sì gbé iná wẹ́dà súnmọ́ ibẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ táńkì náà pátápátá kí ọwọ́ wọn lè ráyè. Ó dára bẹ́ẹ̀ bí táńkì náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Ẹ mú kí tááyà iwájú kọjú síwájú gangan, ẹ sì fi ọ̀dà tàbí fáìlì sàmì sí ara apá irin àti ọ̀pá rọ́là, àti sí ibi tí ọ̀pá wọ́ọ̀mù ti wọ inú ìsopọ̀ rẹ̀. Àmì méjì wọ̀nyí yóò gba ìdajì ọjọ́ là fún yín nígbà tí ẹ bá ń dá a padà. Ẹ yọ tááyà tó wà lápá àpótí. Ẹ yọ kọ́tà píìnì, irin tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, kúrò ní orí táírọ́ọ̀dù, ẹ tú nọ́ọ̀tì wọn, kí ẹ sì lo irin ìfà láti já wọn kúrò lára apá irin. Ọ̀pọ̀ ń lo irin olórí méjì tí wọ́n ń fi òòlù gbá wọlé, ṣùgbọ́n irin yẹn máa ń ya róbà orí táírọ́ọ̀dù, yanrìn á sì wọlé síbẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Bí ẹ kò bá rí irin ìfà, ẹ fi òòlù ńlá kan ti ẹ̀gbẹ́ ojú ihò apá irin tí orí táírọ́ọ̀dù wọ̀, kí ẹ fi òmíràn lù ú ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Yóò já fúnra rẹ̀ láìba ohunkóhun jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tú bóòtù ìsopọ̀ wọ́ọ̀mù, ẹ tú bóòtù ìdè tó di àpótí mọ́ páìpù áàsù, kí ẹ sì gbé àpótí jáde pẹ̀lú apá irin lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá débi róbà ìsopọ̀, ẹ ó rí wáyà tín-ín-rín kan tó kọjá lára rẹ̀. Wáyà hóònù nìyẹn. Ẹni tó bá gbàgbé láti dá a padà yóò lọ bá rewáyà, yóò sì san owó tí kò yẹ kó san.

Ẹ fọ gbogbo ara àpótí pẹ̀lú kerosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó ṣí i, nítorí pé yanrìn òde kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ fi fáìsì dì í mú jẹ́jẹ́, ẹ tú bóòtù apá irin, kí ẹ sì fi irin ìfà yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi òòlù lu ọ̀pá rọ́là, kí rọ́là má baà gbá mọ́ wọ́ọ̀mù. Ẹ yí wọ́ọ̀mù sí àárín, ẹ tú bóòtù mẹ́rin orí ìdérí, kí ẹ wá máa fún síkúrúù ọ̀pá rọ́là sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń fún un wọlé. Yóò máa gbé ìdérí sókè fúnra rẹ̀ títí yóò fi jáde. Ẹ fa ọ̀pá rọ́là jáde. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ńlá ìdí àpótí àti ohun tó dì mọ́ bíárìn, kí ẹ sì fa wọ́ọ̀mù àti bíárìn rẹ̀ méjèèjì jáde, èyí tòkè lọ́tọ̀, èyí tìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n má dàpọ̀.

Àyẹ̀wò ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti nílò sùúrù jù lọ, ojúmọ́ sì sàn fún un ju iná lọ. Ẹ fọ wọ́ọ̀mù mọ́, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi èékánná yín wọ́ ojú ọ̀nà rẹ̀ láti òkè dé ìdí. Kò burú bí àárín bá dán ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Bí èékánná bá kọ́ síbì kan, tàbí bí ẹ bá rí ibi tí ojú irin ti bó bí ọ̀dà ògiri tó ń ṣí, wọ́ọ̀mù náà ti lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún rọ́là, kí ẹ sì yí i lórí píìnì rẹ̀. Ó gbọdọ̀ yí láìfì, láìdún. Ẹ má ṣe fi fáìlì tàbí sáńpépà gbìyànjú láti tún ojú wọn ṣe: awọ irin náà ni wọ́n fi iná mú le, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò sì le bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, nítorí pé tuntun kì í bá gbígbó jẹ́ ní dọ́gba. Ẹ tún wo bí orí síkúrúù ṣe jókòó sínú ihò rẹ̀ lórí ọ̀pá rọ́là. Bí ó bá ń fì sókè sódò níbẹ̀, ìfàsẹ́yìn yóò wà lára sítíárìn bí ẹ tilẹ̀ pààrọ̀ gbogbo ohun yòókù.

Búùṣì, ìyẹn òrùka irin tí ọ̀pá rọ́là ń yí nínú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò. Ẹ gbé ọ̀pá náà padà sínú ihò rẹ̀ lásán, kí ẹ sì mì í sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ kọ́kọ́kọ́, búùṣì ti jẹ. Òun náà ló sì sábà ń jẹ́ kí gírísì inú àpótí máa kán láti ìsàlẹ̀, tí wọ́n á sì máa pààrọ̀ síìlì, róbà tó ń dí i kí ó má jò, léraléra lásán. Iṣẹ́ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ni èyí. Ẹ gbé àpótí àti ọ̀pá rọ́là fún un pọ̀, kí ó lè bọ búùṣì tuntun kí ó sì bó inú rẹ̀ títí ọ̀pá yóò fi wọlé pẹ̀lú ìka lásán láìmì.

Ní ti ẹ̀yà ọkọ̀, wọ́n ń rí tòkúnbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó àti ní Gate n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n àpótí tòkúnbọ̀ lè ti jẹ ju tiyín lọ. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ níwájú yín. Brazil ni mo fẹ́ràn láti ra ti tuntun láti ibẹ̀. Fusca ni wọ́n ń pe Ìjàpá lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ṣe é láti 1959 títí di 1986, wọ́n sì tún ṣe é láti 1993 sí 1996, nítorí náà ẹ̀yà rẹ̀ kò tíì di ọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí owó tọ́nà, bíárìn àti wọ́ọ̀mù bá súnmọ́ iye àpótí tuntun, ẹ ra tuntun.

Bí ẹ bá ń tò ó padà, ẹ fi síìlì tuntun sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi gírísì ra ètè wọn. Ẹ to bíárìn òkè, wọ́ọ̀mù, bíárìn ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fún ohun tó dì wọ́n mú. Rọ́là kò gbọdọ̀ tíì sí nínú àpótí ní àkókò yìí, nítorí pé wọ́ọ̀mù nìkan la fẹ́ mọ̀ lára. Kò gbọdọ̀ rìn wọlé rìn jáde rárá, síbẹ̀ ó gbọdọ̀ máa yí láìdúró pẹ̀lú ìka. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀, bíárìn ti bàjẹ́ tàbí ẹ ti fún un jù. Ẹ wé sẹ́lótéèpù yí eyín ìdí ọ̀pá rọ́là ká kí ó má gé ètè síìlì, ẹ yí wọ́ọ̀mù sí àárín, kí ẹ sì rọra ki ọ̀pá náà wọlé. Ẹ fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ẹ fa ìdérí wálẹ̀ pẹ̀lú síkúrúù, ẹ fún bóòtù mẹ́rin rẹ̀, kí ẹ sì tú síkúrúù sílẹ̀ kí rọ́là má tíì fara ti wọ́ọ̀mù.

Ní ti gírísì, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mìlílítà 160 gírísì tó ṣàn ni àpótí yìí ń gbà, irú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 00 tàbí 000 lára agolo. Bí ẹ bá lo gírísì líle tí a ń fi sí bíárìn tááyà, rọ́là yóò la ọ̀nà kọjá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gírísì náà yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èbà tí a fi ọwọ́ gé, kò sì ní padà wá bo ojú irin mọ́. Epo gíà náà kò dára fún un, nítorí pé yóò kán tán.

Ẹ wá wá àárín àpótí lórí tábìlì kí ẹ tó gbé e bọ ọkọ̀. Ẹ ka ìyípo wọ́ọ̀mù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ dá a dúró síbẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí i. Ní ibi àárín yìí ni apá irin gbọdọ̀ bọ́ sí àmì tí ẹ ti ṣe, kí tááyà sì kọjú síwájú. Bí sítíárìn bá wọ́ lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí eyín rẹ̀ kí ẹ tún un gbé síbi tó tọ́. Ẹ má ṣe fi táírọ́ọ̀dù ẹyọ kan tọ́ ọ, nítorí pé àpótí yóò kúrò ní àárín láìjẹ́ pé ojú yín rí i, rọ́là á sì máa rìn lórí ibi tí kò yẹ.

Ẹ dá ohun gbogbo padà ní òdìkejì bí ẹ ti tú wọn, pẹ̀lú kọ́tà píìnì tuntun, kí ẹ sì tẹ́ etí irin ìdábòòbò lé bóòtù apá irin kí ó má tú. Ìwọ̀n àwọn bóòtù yòókù wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, ẹ tẹ̀lé e. Ẹ so wáyà hóònù. Ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lókè jáàkì ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún síkúrúù rọ́là, ní díígírì 90, gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣàlàyé lókè, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe alánmẹ́ńtì, ìyẹn títọ́ ìdúró tááyà.

Ìdánwò ìkẹyìn wà lójú títì. Ẹ wá ibi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, kí ẹ yà ní kọ́nà kan ní ìwọ̀n kìlómítà 15 sí 20 ní wákàtí kan, kí ẹ sì jẹ́ kí sítíárìn yí padà láàárín ọwọ́ yín láìfà á. Ó gbọdọ̀ padà fúnra rẹ̀ títí yóò fi ku díígírì 45 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ kí ó kan àárín. Bí ó bá dúró kí ó tó débẹ̀, rọ́là ti há jù. Ẹ tú síkúrúù díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún dánwò, nítorí pé bí ẹ bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, wọ́ọ̀mù tuntun náà yóò bó láìpẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 500, ẹ tún yọ tááyà àpàmọ́, kí ẹ yẹ bóòtù ìdè àti nọ́ọ̀tì síkúrúù náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i.